Ohùn Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Haleemah

Ìtìjú tó bá bá èèyàn nílé ọ̀fọ̀ kì í tètè kúrò lára. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún ìyá Haleemah ní Ìdí-Àràbà, àga tó ṣófo lábẹ́ àtíbàbà pọ̀ ju èèyàn tó jókòó lọ. Àwọn ààfáà ka Kùránì tán, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì sáré pa àdúà dé. Ìrẹsì ṣẹ́kù. Ẹran ṣẹ́kù. Àwọn mọ̀lẹ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í di oúnjẹ sínú ọ̀rá, wọ́n ń pín in fún àwọn tó ń kọjá lọ.

Ká ní Haleemah jẹ́ ẹni tí kì í bá èèyàn ṣe ni, à bá ní ohun tó gbìn ló ń ká. Ṣùgbọ́n lọ́yà ni Haleemah, lọ́yà tí Mushin mọ̀ bí ẹni mowó. Bí ọlọ́pàá bá gbé ọmọ, òun ni wọ́n ń pè. Bí onílé bá da ẹrù opó síta, òun ni wọ́n ń pè. Ó ti jẹ ìrẹsì ìkómọ wọn, ó sì ti bá wọn sin òkú nínú òjò. Nígbà tó wá kan ìyá tirẹ̀, kò sẹ́ni tó yọjú. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ pè.

"Haleemah," ni àbúrò ìyá rẹ̀ wí, bó ṣe ń to àga léra, "àwọn èèyàn ẹ dà?"

Haleemah bá a to àga. Inú bí i sí gbogbo wọn pátá. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá tún gbé ọ̀ràn ọlọ́pàá wá bá òun láti Mushin, òun á ní kó lọ wá lọ́yà mìíràn.

Ìbínú yẹn ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó pàdé Àlàájì Tìrìmísíyù níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ládùúgbò. Àlàájì yìí ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Mushin, àgbàlagbà tí Haleemah ti gbèjà rẹ̀ ní kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá. Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé kò rí i.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Má bi mí, Lọ́yà. Ìwọ tí a pè láti kí, tó o ní ká wá ṣí fáìlì."

"Fáìlì kẹ̀?"

Bàbá wá yíjú sí i. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí. "Wọ́n ní màmá ẹ kú. Mo pè ẹ́ lórí fóònù. Mo ní, Haleemah, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́hun á fi Alùjánnà kẹ́ màmá. Kí lo sọ fún mi? O ní orúkọ ẹjọ́ yẹn ò sí lọ́dọ̀ yín, ṣé kó o ṣí fáìlì tuntun fún màmá? O tún ń rẹ́rìn-ín! Mo ní bóyá ọ̀fọ̀ ló ń dà ẹ́ láàmú. Mo ní kí ìyàwó mi náà pè. Ohun kan náà lo fọ̀ fún un. Gbogbo ọjà ló pè ẹ́, Haleemah. Kò sẹ́ni tó o dá sí."

Orí Haleemah wú. "Nọ́ńbà wo lẹ pè, Àlàájì?"

"Nọ́ńbà ẹ náà kẹ̀. Èyí tá a ti ń pè látọjọ́ tó ti pẹ́."

Nọ́ńbà ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí Haleemah kúrò níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti gba sím náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé wọ́n ti jù ú sínú dúrọ́ọ̀ kan ni, àti pé ẹni tó bá pè kò ní í bá ẹnikẹ́ni. Ní tirẹ̀, àìsàn ìyá rẹ̀ ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀ ní ọsibítù, kò ráyè fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà tuntun. Ó yọ fóònù ara rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà àtijọ́ náà, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kí Àlàájì lè gbọ́.

"Ẹ káàbọ̀ sí ọ́fíìsì Bámidélé. Haleemah ló ń sọ̀rọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Kí la lè bá yín ṣe lónìí?"

Ohùn rẹ̀ ni. Kì í ṣe ohùn tó jọ tirẹ̀. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bó bá ń béèrè ilé, ẹ̀rín kékeré tó máa ń fi parí ìkíni, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àlàájì wo fóònù, ó wo ẹnu Haleemah tó pa dé, ó tún wo fóònù.

Haleemah gbé fóònù sẹ́nu. "Ìyá mi kú," ló wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ o," ni ohùn Haleemah dá Haleemah lóhùn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Orúkọ ẹjọ́ yẹn kò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣé kí n ṣí fáìlì tuntun fún màmá?"

Àlàájì Tìrìmísíyù fi ọwọ́ di orí mú. "Subuhánálláhì! Ta ló ṣe irú èyí?"

Haleemah mọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fẹ̀gún sọ́wọ́ ni, Ọlábọ̀dé ọmọ Bámidélé.

Agbẹjọ́rò Bámidélé àgbà ló dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, nínú ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá ojú irin. Bẹ́ǹṣì onígi ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá dé á jókòó, bàbá á sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kó tó mú bírò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Haleemah ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Bọ̀dé jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin, Haleemah ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú adájọ́. Òun ló so báǹdì funfun tí lọ́yà ń wọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kóòtù, nítorí pé ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. "Àǹtí mi" ni Bọ̀dé ń pè é, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹnu lásán ni.

Nígbà tí bàbá kú, Bọ̀dé kó ọ́fíìsì lọ sí Yaba, sínú ilé onígíláàsì kan láàárín àwọn ọmọ tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà. A ò ní í fi irọ́ mọ́ ọn: ayé ti yí padà lóòótọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún lọ́yà tẹ́lẹ̀ pé kó kọ àdéhùn fún wọn ti ń fi ẹ̀rọ kọ ọ́ fúnra wọn, iṣẹ́ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Haleemah náà kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Òun gan-an ló kọ́kọ́ kọ́ ọ́fíìsì náà bí wọ́n ṣe ń gba orí kọ̀ǹpútà gbé ìwé ẹjọ́ wọ kóòtù, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń gbé fáìlì sábẹ́ abíyá sáré. Ẹ̀rù ló ń ba Bọ̀dé. Ẹ̀rù náà kò burú. Ohun tó fi ẹ̀rù náà ṣe ló burú.

Ó wá bá Haleemah lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá wa fi Yorùbá yín kọ́ àwọn ọmọ lọ́yà wa. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà, ìtìjú ló ń kó bá mi." Ó mú un wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má bàa wọlé. Níbẹ̀ ni Haleemah ti ń ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́: ó kí ará ọjà, ó kí àgbàlagbà, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ àti ti oníbàárà ni gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún un kà. Kò sẹ́ni tó rántí ikú nínú rẹ̀. Ohùn yẹn ni Bọ̀dé fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí nọ́ńbà náà.

Ṣé ó bá Bọ̀dé kọ àdéhùn? Rárá o. Ẹni tó ń kọ àdéhùn fún gbogbo ayé, tó ń bá oníbàárà wí pé kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò kọ lẹ́tà kan fún ara rẹ̀. Ta ló ń bá àbúrò ẹni kọ àdéhùn?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn ìyá rẹ̀ le. Nígbà tó tọrọ ààyè láti dúró tì í, Bọ̀dé pè é wọlé, ó ní ọ́fíìsì ò nílò ẹni tó ń bá oníbàárà jókòó mọ́, ayé ti kọjá ibẹ̀. Ó gba sím lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á máa pè láti béèrè màmá, kò sì pè rárá.

Gbogbo èyí ni Haleemah rò fún Àlàájì níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn náà. Ara bàbá gbóná. Ó fẹ́ kó àwọn ọmọ ọjà lọ sí Yaba lójú ẹsẹ̀ láti lọ fọ́ gíláàsì Bọ̀dé. Haleemah ní rárá.

"Àlàájì, ẹ má tíì ṣe nǹkan kan."

"Ẹgbẹ́ wa náà ló ń bọ̀ wá bá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni bàbá wí. "Ó ní òun fẹ́ di lọ́yà gbogbo wa. Pé kálukú á kàn máa tẹ nọ́ńbà kan, òfin á sì máa bọ̀."

Haleemah rò ó wò. Ó lè gbé e lọ kóòtù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ á falẹ̀, á di ọ̀rọ̀ láàárín lọ́yà sí lọ́yà, wọ́n á sì parí rẹ̀ nínú yàrá tí ará Mushin kankan ò ní í sí. Ojú ọjà ni wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ojú ọjà náà ló fẹ́ kí ojú ti Bọ̀dé. Bí èrò náà ṣe wọ inú rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn bí oyin.

"Ẹ jẹ́ kó wá," ló wí. "Ẹ gbà á dáadáa. Ẹ pe gbogbo ọjà, pàápàá àwọn tó pè mí. Ẹ má sì sọ nǹkan kan fún wọn."

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú. Bọ̀dé dé pẹ̀lú súùtù aláwọ̀ búlúù, ó so fóònù mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńlá méjì. Ó kí àwọn àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ṣe àwàdà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́yà tó dáa ti jìnnà sí mẹ̀kúnnù tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun ti gbé e dé àpò wọn. Lẹ́yìn náà ló tẹ nọ́ńbà náà, ohùn Haleemah sì gba gbogbo gbọ̀ngàn: "Ẹ káàbọ̀ sí ọ́fíìsì Bámidélé. Haleemah ló ń sọ̀rọ̀ o."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Obìnrin kan ní, "Alákọrí náà nìyẹn!" Bọ̀dé rò pé inú wọn ló ń dùn.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn!" ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Haleemah yín náà ni. Ó wà lọ́dọ̀ wa digbí. Kì í sùn, kì í gba ìsinmi."

Ìgbà yẹn ni Haleemah dìde láti ẹ̀yìn, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ìborùn dúdú. Ó rìn wá síwájú. Àwọn tó rí i kọ́kọ́ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ títí gbogbo gbọ̀ngàn fi pa lọ́lọ́.

"Bọ̀dé," ló wí.

"Haa! Àǹtí mi. Ẹ̀yin náà wà níbí?"

"Èmi nìyí. Ta wá ló wà nínú ẹ̀rọ ẹ?"

Bọ̀dé wo àwọn èèyàn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká jáde síta ká sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹknọ́lọ́jì..."

"Ìyá mi kú, Bọ̀dé. Àwọn tó jókòó wọ̀nyí pè láti kí mi. Ẹ̀rọ ẹ ni wọ́n kí. Ìwọ náà kí i, ká jọ gbọ́ ohun tó máa sọ."

Bọ̀dé kò fẹ́. Ó fẹ́ yọ fóònù kúrò lára ẹ̀rọ. Àlàájì Tìrìmísíyù fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Kí i, Lọ́yà." Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbà á, "Kí i! Kí i!" Kò síbi tí yóò gbà. Ó tẹ̀ síwájú fóònù, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun lọ.

"Haleemah... ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ o. Orúkọ ẹjọ́ yẹn kò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣé kí n ṣí fáìlì tuntun fún màmá?"

Ẹ̀rín kékeré náà sì tẹ̀ lé e láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó mọ́ gaara.  Ìyàwó Àlàájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. "Haleemah, mo ṣépè fún ẹ," ló ń wí, "mo ṣépè fún ẹ nínú yàrá mi, jọ̀ọ́ má bínú." Làwọn yòókù bá rọ́ lu Haleemah, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Bọ̀dé ń tú wáyà ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a gbé ohunkóhun. Haleemah ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi jáde. Mi ò ní í parọ́ fún yín: ó dùn mọ́ ọn dọ́kàn.

Síbẹ̀ kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ránṣẹ́ sí Bọ̀dé pé òun ń bọ̀ wá pè é lẹ́jọ́, òun á sì fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ń bá lọ́yà wí. Nígbà tí omi dé Bọ̀dé lọ́rùn, ó ṣe ohun tí ọmọ Èkó ń ṣe. Ó kó àgbà jọ. Ó wá ìmáàmù mọ́ṣáláṣí tí ìyá Haleemah ń lọ, ó wá adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Ìdí-Àràbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀.

"Haleemah," ni ìmáàmù wí, "mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Nítorí Ọlọ́hun, nítorí màmá, fà á mọ́ra."

Bọ̀dé mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà. Àmọ́ Haleemah náà mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń retí wọn.

"Bàbá, ẹ ò lè bẹ̀ mí kí n kọ̀," ló wí, ó kúnlẹ̀. "Mo ti gbà. Mi ò lọ kóòtù mọ́. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kó ṣe fún màmá."

Bọ̀dé gbórí sókè. "Mo ti mọ̀ ọ́n, Àǹtí mi. Lónìí yìí ni mo máa pa ohùn náà rẹ́."

"Má pa á rẹ́," ni Haleemah wí. "Jẹ́ kó wà lórí nọ́ńbà náà títí màmá á fi pé ọdún kan. Ẹni tó bá pè, kó kọ́kọ́ fi ohùn mi sọ fún un pé, 'Èmi kọ́ ni Haleemah, ẹ̀rọ ni mí. Ìyá Haleemah ti kú. Ẹ pè láti kí i, a ò sì jíṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí i ní ọ́fíìsì tuntun rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìmáàmù ní ohun tó dára ni, pé ìkíni ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ jù. Adájọ́ àgbà wo Haleemah, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó ti rí ibi tí ọ̀bẹ náà wọlé. Bọ̀dé ló rí i gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń pè. Ó ya ẹnu, ó wo àwọn àgbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pè, kò sì lè sọ pé òun ò ṣe. Ó ní òun gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni Haleemah ṣe háyà yàrá nínú ilé àtijọ́ lẹ́bàá ojú irin níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Ará Mushin dé láti kí i, wọ́n kí i tán, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ wọn kalẹ̀. Ará Ọtọ́ ní tòsí ibẹ̀ náà dé. Haleemah náà ní ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn lórí Wọ́síàpù, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ ń sọ ni pé ẹ̀rọ lòun, àti pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí àìsàn, Lọ́yà fúnra rẹ̀ á pè. Ní Yaba, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń pe Bọ̀dé, wọ́n ń gbọ́ nípa ìyá Haleemah kí wọ́n tó gbọ́ nǹkan mìíràn, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè irú lọ́yà tó ń gba ohùn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bọ̀dé dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ó fi ìdajì ilé onígíláàsì náà sílẹ̀. Ìròyìn ń dé etí Haleemah, kò sì dibọ́n pé ó ń dun òun.

Ọdún náà kò tíì dé ìdajì nígbà tí Bọ̀dé wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn oníbàárà, ó dúró títí ó fi kàn án. Ó ti rù. Kò wọ súùtù.

"Àǹtí mi, ó ti tó," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n yọ ohùn yẹn kúrò. Orúkọ bàbá mi ló ń bàjẹ́."

Èyí wọ Haleemah lára díẹ̀, nítorí bàbá náà ṣe é lóore. Ó fi bírò sílẹ̀.

"Ká ní bàbá ẹ wà láyé," ló wí, "òun ni ì bá kọ́kọ́ dé ilé wa lọ́jọ́ tí màmá kú."

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ẹ ṣàánú mi."

"Bọ̀dé, o ti bẹ̀ mí nítorí ọ́fíìsì. O ti bẹ̀ mí nítorí ẹjọ́. O kó àgbà wá, o dọ̀bálẹ̀. O tún wá bẹ̀ mí nítorí orúkọ bàbá ẹ. Ẹ̀rọ nìkan lo kí kú ọ̀fọ̀. O ò tíì kí èmi."

Bọ̀dé la ẹnu láti kí i, ṣùgbọ́n Haleemah ti pe ẹni tó kàn wọlé.